Ohùn Elégbè Nínú Kọ̀ǹpútà

Etí-Ehoro ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé kò sí ariwo tó lè fara pamọ́ fún etí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń kùn ní yàrá kejì, á ní kí wọ́n lọ pa á. Bí olórin bá gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tí ṣòkòtò rẹ̀ sì ha díẹ̀, á na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n tún un ṣe.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ ohun èlò orin gidi di èyí tí èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà lù. Á pe onífèrè wá sí sítúdíò, á ní kó fun ohùn kan ṣoṣo jẹ́jẹ́, kó tún un fun níwọ̀nba, kó wá fun un kíkankíkan, kó tó bọ́ sórí ohùn tó tẹ̀ lé e. Tí onífèrè bá ti gba ilé rẹ̀ lọ, òun á jókòó ti kọ̀ǹpútà. Á gé orí ohùn kọ̀ọ̀kan, á gé ìdí rẹ̀. Á yọ mímí, á yọ itọ́, á yọ ìró ìka lára irin. Èyí tó bá kúrú, á wá ibi tó tẹ́jú láàárín rẹ̀, á so orí ibẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kí ohùn náà lè máa yí po níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà á to gbogbo wọn sábẹ́ àwọn bọ́tìnnì kíbọọ̀dù, funfun àti dúdú. Tó bá fi máa parí, ẹni tí kò fẹnu kan fèrè rí láyé rẹ̀ á kàn tẹ bọ́tìnnì, fèrè á sì dún, á mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ìdọ̀tí ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ ń pe gbogbo nǹkan tó ń gé dànù yẹn.

Ibi iṣẹ́ yìí náà ló ti pàdé ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ń gbe orin fún àwọn olórin tó bá wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Elégbè. Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbọ́ orin wọ̀nyẹn. Ohùn rẹ̀ dà bí ìrọ̀rí tó wà lẹ́yìn ẹni tó jókòó: èèyàn kì í rántí pé ó wà níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá yọ ọ́. Àmọ́ tó bá ti kúrò nídìí máìkì, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín kékeré kan, hùn, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pa lẹ́rìn-ín kó tó dé ẹnu. Etí-Ehoro máa ń ní bí òun bá tiẹ̀ wà lójú oorun, òun á ṣì mọ̀ pé Elégbè ti wọlé.

Ìyá Elégbè ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ọjọ́ ogbó sì ti ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lọ́wọ́, àmọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ló fi ń ríran. Láti ilé ìdáná ni Elégbè ti máa ń ròyìn ayé fún un.

"Màmá, òjò ti ṣú o."

"Apá ibo?"

"Apá ọ̀dọ̀ obìnrin tó máa ń sá aṣọ tí kì í kó o. Ó tún ti jáde nílé. Màmá, ẹ wá wo aṣọ àwọ̀sùn lóríṣiríṣi!"

Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ojú mi ti rí i," ni yóò wí.

Ọmọ méjì ni Màmá bí. Èyí àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n Elégbè, kú sí ọsíbítù nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí kò sọ fún Màmá. Wọ́n ní ó rìnrìn àjò, wọ́n ní ara rẹ̀ ń yá, wọ́n tiẹ̀ mú obìnrin kan wá tó ní òun ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, pé ó ní kí òun kí Màmá. Màmá kí i padà. Ó ń kí òkú padà fún ìgbà pípẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó já sí i létí láti ẹnu ẹni tó rò pé ó ti mọ̀.

Nígbà tí ohùn Elégbè bẹ̀rẹ̀ sí í ha, wọ́n rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ó mu omi gbígbóná, ó sinmi, kò lọ. Dókítà fi iná yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nígbà tó sì pe tọkọtaya náà padà, kò wo ojú wọn. Ó ní nǹkan kan ti hù sí àpótí ohùn rẹ̀, ó sì ti ràn kọjá ohun tí oògùn lè ká. Gbogbo àpótí náà ni wọ́n máa yọ. Inú ihò kan ní ọrùn ni yóò ti máa mí.

"Ṣé mi ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ rárá ni?" Elégbè bi í.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ẹ̀mí ná."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, ohun kan ṣoṣo ni Elégbè sọ lójú ọ̀nà. "Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́. Tó bá gbọ́ ọsíbítù, kò ní dúró gbọ́ ìyókù."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Etí-Ehoro gbé lọ síbi iṣẹ́, tó gbé e padà wálé, kó tó di pé ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Màá kó ohùn ẹ sínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹ̀ pátá. Wàá máa tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọọ̀dù, á sì máa bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Bíi fèrè?"

"Bíi fèrè."

Elégbè fi imú rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ṣáà má tà mí fún àwọn tó ń kọrin ìpolówó ọṣẹ."

Ọ̀gá fún wọn ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Elégbè ń dúró síwájú máìkì bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé. Bà, ba, bá. Dà, da, dá. Gbogbo ìró èdè pátá, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, nítorí pé bí ohùn bá ṣì rìn, ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn.

"Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ jù," ni Etí-Ehoro ń ṣàlàyé, "ọkọ mi á di ọkọ̀ mi."

"Ọkọ̀ tí kò ní táyà."

"Tí mo bá sì gbé e lókè jù, mo di ọkọ́."

"Ìyẹn gan-an ló yẹ ẹ́. Orí ẹ rí bẹ́ẹ̀." Ó wúkọ́, ó nu ẹnu. Etí-Ehoro ti na ọwọ́ sókè. "Ẹ̀rín wọ inú ẹ̀. Jọ̀ọ́, tún un ṣe."

Ní ọjọ́ kan tó rẹ Elégbè, ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ máìkì. "Jẹ́ kí n kàn bá Màmá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀," ó wí. "Ọ̀rọ̀ lásán. Bí mo ṣe máa ń bá a sọ ọ́ láti ilé ìdáná."

"A máa ṣe ìyẹn náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ téèyàn bá gbà sílẹ̀, ohun tó bá ti sọ náà lá máa sọ títí. Bí òjò ò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Èyí tí mò ń ṣe yìí, kò sóhun tí kò ní lè sọ. Jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ẹ̀."

Ó tún bẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn. Etí-Ehoro tún ní kó jẹ́ kí àwọn parí rẹ̀ ná. Kì í ṣe pé ó le. Ẹ̀rù ló ń bà á, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì mọ̀ tó lè fi bá ẹ̀rù jà.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìparí nígbà tí Elégbè la ẹnu ní àárọ̀ ọjọ́ kan láti sọ "gbá", tí kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ lásán. Ó tún gbìyànjú, iṣan ọrùn rẹ̀ ta gbọnrangandan. Etí-Ehoro wo iná kékeré tó máa ń fò lórí kọ̀ǹpútà tí ohùn bá wọlé; kò fò. Ọ̀fun tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láti ìgbà yìí wá, wọ́n sì ti lò ó tán. Dókítà fa ọjọ́ iṣẹ́ abẹ súnmọ́. Elégbè wọ ọsíbítù láìdágbére fún ìyá rẹ̀, torí kò sí ohun tó máa fi dágbére.

Etí-Ehoro ló sọ fún Màmá. Ó ní iṣẹ́ ló gbé e, pé ó tẹ̀ lé àwọn olórin kan lọ sí ìlú òkèèrè.

Màmá yí kọ́ọ̀pù tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ po. "Ìrìn àjò," ó wí jẹ́jẹ́. "Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ kó tó lọ."

"Ẹ ń sùn ni, Màmá."

"Èmi? Mo ń sùn?"

Ní gbogbo ìgbà tí Elégbè fi wà lórí ibùsùn ọsíbítù, ọkọ rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń ti ìdí kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń gé, ó ń to, ó ń so. Iwájú gbogbo ìró ni ẹ̀rín imú yẹn wà, hùn, ó jókòó síbẹ̀ bí ajá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó gé gbogbo rẹ̀. Ó yọ ikọ́, ó yọ ètè tó ń pàdé, ó yọ mímí. Nígbà tó parí, ó da ìdọ̀tí nù kúrò nínú kọ̀ǹpútà kí àyè lè wà fún iṣẹ́ ẹlòmíràn, bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀. Ọ̀gá wá gbọ́ ọ. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó pa ojú dé, ó sì ní, "Nínú gbogbo ohun tó o ti ṣe níbí, kò sí èyí tó mọ́ tó èyí."

Elégbè padà wálé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ ti di egungun. Rọ́bà kékeré kan wà nínú ihò ọrùn rẹ̀, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ó yọ́ ẹsẹ̀ kọjá ní pálọ̀ níbi tí Màmá jókòó sí, ó wọ yàrá, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú kíbọọ̀dù. Ó fi ẹ̀rọ gbígbọ́ dí etí, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Fóònù ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀. "Ó dùn," ó kọ. Ó tún tẹ bọ́tìnnì kan, ó wá kọ ìyókù. "Ó dùn jù mí lọ."

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ wá sí pálọ̀. Elégbè jókòó síwájú ìyá rẹ̀. Ó na ìka, ó tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, mo ti dé."

Kò sí ohùn kan tó ṣì rìn. Lókè wà lókè, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀. Màmá yí orí, ó dẹ etí sí ibi tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè wà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Rédíò ni ẹ tan?"

"Màmá, ọmọ yín ni," Etí-Ehoro wí. "Ẹ tún gbọ́ ọ."

"Màmá, èmi ni. Ẹ kú ilé."

Màmá gbé ọwọ́ kan àyà. "Ẹni yìí kì í mí," ó wí. "Ọmọ tèmi máa ń mí kó tó sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún Etí-Ehoro dé egungun. Ó sáré padà sí sítúdíò lọ́jọ́ náà, ó tú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá ó ṣẹ́ ku mímí ẹyọ kan, bóyá ẹ̀rín imú kan ṣoṣo sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí. Ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó wá lọ mú mímí obìnrin olórin mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé e wálé. Màmá gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ tún ti mú ẹlòmíì wá."

Nígbà náà ni wọ́n sọ òótọ́. Etí-Ehoro kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sọ ti dókítà, ó sọ ti ọ̀fun, ó sọ ti ọsíbítù. Elégbè gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó fi kan ojú ara rẹ̀, ó fi kan ọrùn. Ìka Màmá kan rọ́bà náà, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Ẹ fọwọ́ kan àpá yìí, Màmá," Etí-Ehoro ń bẹ̀ ẹ́. "Àpá ọwọ́ ẹ̀, níbi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o ní kékeré. Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ta ni ò lápàá?" Ohùn Màmá kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú, wọ́n mú obìnrin kan wá bá mi báyìí. Mo dì mọ́ ọn. Mo kí i. Ẹ̀yin ọmọ, ojú mi ló fọ́ o, orí mi ò tíì fọ́. Ìrìn àjò náà ni, ọsíbítù náà ni. Ọmọ mi ti kú."

Elégbè fò dìde sídìí kíbọọ̀dù. Ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò wo ibi tó ń tẹ̀ mọ́, orúkọ ìyá rẹ̀ ń jáde ní orí, ní ìdí, ní ìdàkejì, mámà, mama, màmà, ohùn tó mọ́ tónítóní, tí kò le, tí kò ha, tí kò sunkún. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Etí-Ehoro ló fa wáyà yọ lára ògiri.

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀. "Àwọn ẹlòmíì máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́," ó máa ń wí. "Tèmi, agbè náà ti fọ́." Tó bá ń sunkún, Elégbè ló ń nu ojú rẹ̀. Màmá gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti pinnu pé ẹni tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú òun ni, obìnrin kan tí kò lè sọ̀rọ̀, Odi ló sì ń pè é, pẹ̀lú ìfẹ́. Tó bá bi í ní nǹkan, Elégbè á fi ìka lu tábìlì: tó bá dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ni; tó bá dún kọ́-kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, rárá ni.

"Odi, ṣé òjò ti ṣú?"

Kọ́.

"Ọmọ mi ì bá ti sọ ibi tó ti ṣú wá." Á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ fún un: bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, bó ṣe bá ìjókòó jà nítorí ó ta á lẹ́sẹ̀, bó ṣe ní òun ò ní lọ́kọ àfi tí ọkùnrin náà bá lè dákẹ́. Elégbè á jókòó, á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé.

Etí-Ehoro kò fọwọ́ kan kíbọọ̀dù náà mọ́. Ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó ṣe, tọkọtaya náà padà sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò. Àrùn náà ti yọjú nínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣì lè ṣe, àmọ́ bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò pọ̀. Elégbè kọ ọ́ sórí fóònù kí wọ́n tó délé: "Kò sẹ́ni tó máa sọ fún Màmá. Ó ti sunkún mi tán."

Kò pẹ́ sí i, Màmá pe Etí-Ehoro ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan.

"Ọkọ ọmọ mi, jókòó. Ṣé Odi wà níbí?"

Kọ́, ni tábìlì dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan ẹ̀yin méjèèjì." Ó tún ìró ìdí rẹ̀ dì. "O fẹ́ràn ọmọ mi. Èmi ni mo bí i, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó lọ ti lọ. Ọkùnrin ò ṣeé fi sílẹ̀ báyìí, wàá kàn máa gbẹ lọ ni. Odi yìí, ọwọ́ ẹ̀ tutù, inú ẹ̀ dáa, kò lẹ́jọ́. Fẹ́ ẹ."

"Màmá..."

"Má bá mi jiyàn. Àbí o rò pé màá bínú? Mú ọwọ́ ẹ wá."

Etí-Ehoro wo ìyàwó rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì, afẹ́fẹ́ ń tú jáde ní ihò ọrùn rẹ̀ ní kíákíá. Pẹ̀lú gbogbo etí rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Elégbè na ọwọ́. Òun náà na tirẹ̀. Màmá wá wọn kàn, ó gbé ọwọ́ kan lé èkejì, ó sì fi tirẹ̀ bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀.

"Ẹ ò ní fi ojú sunkún ara yín," ó ṣàdúrà. "Odi, Ọlọ́run á fún ẹ ní ẹ̀mí gígùn, èyí tí ọmọ tèmi ò rí. Ẹ ṣe àmín."

"Àmín," Etí-Ehoro wí.

Kọ́.

Màmá kò tíì fi wọ́n sílẹ̀. Ó ń ra ọwọ́ Elégbè lọ sókè bí ẹni tó ń súre fún ọmọ tuntun, títí ìka rẹ̀ fi dé etí aṣọ. Ó dúró. Ó wá bọ́tìnnì ọwọ́ aṣọ náà, ó yí i po, ó fi àtàǹpàkò tẹ òwú tó dì í mú.

"Aṣọ ọmọ mi nìyí," ó wí. "Èmi ni mo rán bọ́tìnnì yìí nígbà tí mo ṣì ń ríran. Òwú dúdú ni mo fi rán an, torí funfun ti tán." Kò bínú. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́, Odi, mi ò sọ pé kó o má fẹ́ ọkọ ẹ̀. Àmọ́ má wọ aṣọ ẹ̀, jọ̀ọ́. Jẹ́ kí n ṣì rí nǹkan kan tó jẹ́ tiẹ̀."

Elégbè wo aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó sì wọ yàrá. Etí-Ehoro gbọ́ bó ṣe ṣí àpótí, ó gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe ń jáde nínú ihò wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó jáde, ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, èyí tó tóbi jù ú lọ. Ó ti ká aṣọ tirẹ̀ dáadáa. Ó gbé e lé orí itan ìyá rẹ̀, Màmá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á mọ́ra.